Iná Àjèjì Lójú Ọ̀run Òṣogbo: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọpinpin Rẹ̀

Bí ẹnìkan bá sáré wá sọ pé òun rí iná kan tí kò yé òun lójú ọ̀run, ẹ má tíì bi í pé kí ni ó rò pé ó jẹ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lẹ́nu rẹ̀: aago mélòó ni, apá ibo ni iná náà wà, báwo ni ó ṣe ga tó sí ilẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ọ̀pọ̀ jù lọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń yanjú láìpẹ́. Bí ọ̀kan bá sọnù, àríyànjiyàn ló kù. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 10 tó ń gbọ̀n, tí kò fi òrùlé tàbí igi kankan hàn, kò wúlò tó gbólóhùn kan bí èyí: "Ẹnu géètì wa ní Òkè-Fìà ni mo dúró sí, aago 8 alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 10, ó wà lókè táńkì omi àdúgbò, lápá ìwọ̀-oòrùn."

Irinṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ ní ìwé àti bírò, fóònù tó ní kọ́ńpáàsì, àti tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú rẹ̀. Ojú ènìyàn ń fẹ́ bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó mọ òkùnkùn lò dáadáa, iná funfun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Awò olójú méjì tí wọ́n ń pè ní báínọ́kúlà dára bí ẹ bá rí i yá, 7×50 tàbí 10×50 (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, èkejì ni fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ ní mìlímítà). Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ni pòrótírátọ̀ inú mathematical set ọmọ iléèwé. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ sítíróò tí wọ́n fi ń mu mínírà mọ́ etí rẹ̀ tó gún, ẹ so òwú mọ́ ojú àárín rẹ̀, ẹ so nọ́ọ̀tì irin kékeré sí ìdí òwú náà kí ó lè fà á sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wo ìràwọ̀ gba inú sítíróò, kí ẹnìkejì ka nọ́ńbà tí òwú dúró lé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà yẹn àti 90 ni gíga ìràwọ̀ náà ní dígírì. (Ẹ má fi wo oòrùn láéláé.)

Bí pòrótírátọ̀ kò bá sí nítòsí, ọwọ́ tó. Ẹ na apá gbọọrọ síwájú: ìkúùkù jẹ́ bíi dígírì 10, ìka mẹ́ta àárín jẹ́ 5, ọmọńdinrín jẹ́ 1. Láti ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé títí dé gbọ̀ngbọ̀n òkè orí jẹ́ 90, ìyẹn ìkúùkù mẹ́sàn-án tí ẹ tò lérí ara wọn. Ẹ tò ó wò lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó jáde. Bí tiyín bá di mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ẹ ti mọ iye tí ẹ ó fi tún ìwọ̀n yín ṣe. Àrànmọ́jú òṣùpá kò ju ààbọ̀ dígírì lọ, ìlàjì ọmọńdinrín ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé iná òun "tóbi bí òṣùpá", ẹ ní kí ó fi ìka hàn yín. Ìka yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù. Bí àwọn mẹ́ta bá jọ rí i, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìtàn ẹni tó lẹ́nu jù má baà gbé ti àwọn yòókù mì. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀ tán láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ má ṣe lo gbólóhùn tó ti ní ìdáhùn nínú, bíi "Ṣé ó ń fò bíi bàálù?" Ẹ béèrè pé, "Kí ni ó ṣe lẹ́yìn náà?" Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀lé e padà sójú ibẹ̀ gan-an: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí lálẹ́ àná, kí ẹ nàka sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí." Ìka tí wọ́n nà yẹn ni ẹ ó fi kọ́ńpáàsì àti pòrótírátọ̀ wọ̀n. Kọ́ńpáàsì fóònù máa ń ṣìnà nítòsí páànù, géètì irin, mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ sún mítà díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ yí fóònù náà bíi nọ́ńbà 8 nínú afẹ́fẹ́ kí ẹ tó kà á.

Ní ti àkókò, ẹ má gba "bí aago mẹ́jọ, mẹ́sàn-án." Ẹ wá ohun tí ẹ lè so ó mọ́. Ṣé wọ́n ti pe ìrun Ìṣáì? Ṣé ó ṣáájú ìgbà tí wọ́n mú iná lọ? Ṣé wọ́n pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù láti sọ fún un? Àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù kì í gbàgbé. Ní ti bí ó ṣe pẹ́ tó, ẹ ní kí ẹni náà di ojú, kí ó tún gbogbo rẹ̀ wò lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó ní "ó tán" nígbà tó bá tán, ẹ̀yin sì ń fi aago kà á. Ohun tí wọ́n pè ní ìṣẹ́jú márùn-ún lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìyàtọ̀ yẹn nìkan sì lè yí ìdáhùn yín padà.

Àgbàlagbà kan lè sọ pé àjẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ilé kan ládùúgbò, kí orúkọ yẹn má wọ inú ìwé yín, kí ó má sì dé orí WhatsApp. Wọ́n ti tìtorí àhesọ bẹ́ẹ̀ lu arúgbó aláìṣẹ̀ rí nílẹ̀ yìí.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ padà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì ní aago kan náà. Ìràwọ̀ máa ń dé ibi tó wà lánàá ní ìṣẹ́jú 4 ṣáájú. Bí iná náà bá tún wà níbẹ̀, tó sì ń rọra bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn ní dígírì 15 láàárín wákàtí kan, ìràwọ̀ ni tàbí pílánẹ́ẹ̀tì. Àgùàlà, pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Venus, ló sì máa ń fa ariwo jù. Àwọn àgbà ti wí pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Títí dòní, ó ṣì ń tan ojú jẹ. Lẹ́yìn oòrùn àti òṣùpá, òun ló mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run wa. Kì í jìnnà sí oòrùn ju bíi dígírì 47 lọ, nítorí náà ẹ kò lè rí i láàárín òru: ìrọ̀lẹ́ lápá ìwọ̀-oòrùn ni, tàbí ìdájí lápá ìlà-oòrùn, kì í sì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí gbogbo àdúgbò jáde síta láti gba afẹ́fẹ́, Àgùàlà tó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á wá di ohun tuntun. Bí ìkùukùu bá ń sáré kọjá níwájú rẹ̀, ojú á gbà pé òun gan-an ló ń sáré. Kódà láìsí ìkùukùu, iná kan ṣoṣo tí ènìyàn tẹjú mọ́ nínú òkùnkùn á dà bí ẹni pé ó ń rìn, nítorí ojú fúnra rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi etí òrùlé tàbí òpó iná ṣe ìwọ̀n, kí wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà, kò rìn.

Ìràwọ̀ tí ń jẹ́ Sirius ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ẹ ó máa bá pàdé, pàápàá lálẹ́ oṣù December sí March. Nígbà tó bá ṣì wà nísàlẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ tó nípọn máa ń mú kí ó ṣẹ́jú ní àwọ̀ pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó rí i lè búra pé ẹ̀rọ ni. Ìràwọ̀ mìíràn, Canopus, ń ṣe bẹ́ẹ̀ lápá gúúsù, kì í sì í ga ju bíi dígírì 30 lọ láti Òṣogbo. Ní ti Júpítà, ó lè wà lókè láti àṣálẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, kì í sì í sábà ṣẹ́jú. Eruku ọyẹ́ máa ń sọ gbogbo wọn di pupa nígbà tí wọ́n bá súnmọ́ ilẹ̀.

Láti rí èyí dájú, ẹ lo Stellarium, áàpù tó ń fi àwòrán ojú ọ̀run hàn, lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi Òṣogbo sí i (7.77 àríwá, 4.56 ìlà-oòrùn), ẹ fi ọjọ́ àti aago ìròyìn náà sí i, kí ẹ wo apá ibi tí ẹ wọ̀n. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí: áàpù tó ń lo ìlú mìíràn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, àti aago UTC, ìyẹn aago àgbáyé. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan síwájú UTC. Bí ojúlé kan bá kọ 19:10 UTC, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni lọ́dọ̀ wa.

Bí iná náà bá rìn ní tòótọ́, tí kò ṣẹ́jú, tí kò dún, sátẹ́láìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kò ní iná tirẹ̀. Oòrùn ló ń tàn sí i lára níbi gíga tó wà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tiwa. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí kí ó tó là, ni wọ́n ń hàn. Láti nǹkan bí aago 11 alẹ́ sí aago 3 òru, àwọn tó ń fò nísàlẹ̀ ti wọnú òjìji ayé. Bí ẹnìkan bá rí iná tó ń rìn ní aago 1 òru, ẹ wá ibòmíràn. Ibùdó òfuurufú àgbáyé tí ń jẹ́ ISS wà ní nǹkan bíi kìlómítà 400 sókè, ó ń yí ayé ká láàárín bíi wákàtí kan àbọ̀. Ó lè mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ, kì í sì í ju bíi ìṣẹ́jú 6 lọ kí ó tó kọjá. Nígbà mìíràn á kàn kú pi lójú ọ̀run, nítorí ó bọ́ sínú òjìji. Ojúlé Heavens-Above ń fi aago àti ọ̀nà tó gbà hàn, ti ọjọ́ tó ti kọjá náà.

Iná púpọ̀ tó tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, àwọn sátẹ́láìtì íńtánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ Starlink ni. Láti May 2019 tí ilé-iṣẹ́ SpaceX ti kó 60 lọ sókè lẹ́ẹ̀kan ni ìran yìí ti di ti gbogbo ayé. Ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi wọ́n ránṣẹ́ ni wọ́n ń tò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á túká.

Bàálù ní iná pupa lápá òsì, ewé lápá ọ̀tún, funfun nídìí, àti èyí tó ń ṣẹ́jú. Wàhálà rẹ̀ ni ìgbà tó bá kọjú sí yín tààrà pẹ̀lú iná ńlá iwájú: á dà bí ìràwọ̀ tó dúró lójú kan, tó ń tóbi sí i, kí ó tó yà lójijì. Ohùn ń rin kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá 3, nítorí náà bàálù tó wà ní kìlómítà 10 sókè ti lọ jìnnà kí ìró rẹ̀ tó dé. "Kò dún" nìkan kò mú un kúrò. Flightradar24, ojúlé tó ń fi ọ̀nà tí bàálù gbà hàn, ní ibi tí ẹ ti lè tún ojú ọ̀run ọjọ́ tó kọjá wò, ṣùgbọ́n ẹ tètè ṣe é, nítorí ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí kò sanwó padà sẹ́yìn. Kì í sì í ṣe gbogbo bàálù ló ń hàn níbẹ̀: ti ológun lè má hàn, àwọn kékeré náà bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú wà ní Ìlọrin, lápá àríwá wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun tó wà nílẹ̀ ló ń gba sùúrù jù, nítorí kò sí áàpù fún un. Ẹ̀sẹ̀ ni ẹ ó fi rìn.

Bí ìkùukùu bá wà nísàlẹ̀, bí ó ti máa ń rí lásìkò òjò, iná ayíbíríbírí tí wọ́n gbé síta níbi ìnáwó tàbí ìsọjí á ya rìbìtì funfun sí i lára. Àmì rẹ̀ ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, kò sì í kọjá ìkùukùu. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe ìnáwó lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú oṣù August, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, àlejò àti oníkámẹ́rà pọ̀ nígboro, dúróònù sì lè wà láàárín wọn. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó wo òfuurufú. Dúróònù máa ń dúró lójú kan, ó ní iná pupa àti ewé, bátìrì rẹ̀ kì í sì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ. Ní December, bángà àti àtùpà bébà tó ń fò ló pọ̀: iná aláwọ̀ ọsàn tó ń mì, tó ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́, tó ń kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ béèrè apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bí iná náà bá lọ lòdì sí afẹ́fẹ́, kì í ṣe àtùpà bébà.

Òṣogbo tún ní tirẹ̀. Ibí ni wọ́n ti ń darí iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo orílẹ̀-èdè, wáyà ńláńlá sì gba ọ̀pọ̀ ibi kọjá. Bí wáyà bá kan ara wọn tàbí tíráńsífọ́mà bá bú, iná búlúù bíi ti àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ á bù yẹ̀rì, á sì tan mọ́ ìkùukùu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yanjú rẹ̀: ṣé iná lọ ládùúgbò kan ní ìṣẹ́jú yẹn? Ẹ tún wo iná pupa orí òpó ilé-iṣẹ́ fóònù nígbà tí ìkùukùu bá bo ìdí òpó náà, iná ọdẹ lórí òkè, igbó tí wọ́n ń sun lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àti mọ́tò tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lọ́nà Iléṣà. Lékeléke tó ń fò lóru lókè iná ìgboro máa ń funfun bọ́ọ́, láìní ìró kankan. Tanátaná ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìtìjú fún ẹnikẹ́ni. Ó ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Mànàmáná òjò tó wà lọ́nà jíjìn kì í mú àrá dé etí wa.

Èyí tó kọjá fìrì ńkọ́? Ìràwọ̀ tó já kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Àkókò tó dára jù fún un lọ́dọ̀ wa ni òru 13 sí 14 December, nígbà tí àwọn Geminids ń já, tí ọyẹ́ kò bá nípọn. Ti Perseids tí gbogbo ayé ń pariwo, 12 sí 13 August, ìkùukùu òjò sábà máa ń bò ó mọ́ wa lójú. Bí ó bá pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń lọ gbọọrọ, tó sì ń já sí wẹ́wẹ́ bó ti ń lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àjákù sátẹ́láìtì tó ń jóná padà wálé.

Fọ́tò àti fídíò: ẹ gba fáìlì gan-an. WhatsApp máa ń yọ aago àti ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò kúrò, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Ọjọ́ tó wà nínú orúkọ bíi IMG-20250311-WA0007 kì í ṣe ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n ya á. Bí iná òpó tó mọ́lẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún, tí "ohun àjèjì" sì wà lókè lósì, ẹ fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì. Bí ìlà náà bá gba àárín fọ́tò gan-an kọjá, dígí kámẹ́rà ló ṣe é. Rìbìtì ńlá tó ń fẹ̀ tó ń sún kì í, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí, jẹ́ ìràwọ̀ tí kámẹ́rà kò rí ojú mọ́ dáadáa, pàápàá bí wọ́n bá ti fà á súnmọ́ jù. Àwọn rìbìtì funfun tó wà káàkiri nínú fọ́tò tí wọ́n fi fíláàṣì yà, eruku ni tàbí ẹ̀kán òjò. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá máa yà á, ẹ gbé fóònù lé ògiri, ẹ jẹ́ kí òrùlé kan wà nínú rẹ̀, ẹ má sún un mọ́tòsí, ẹ sì sọ aago àti apá ibi sínú fídíò náà.

Bí ẹni méjì bá rí i ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè wọn jíjìnnà rẹ̀. Ká ní ọ̀kan wà ní Òkè-Fìà, èkejì wà ní kìlómítà 2 sí i lápá àríwá. Ẹni àkọ́kọ́ rí i ní 270 lórí kọ́ńpáàsì, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn gan-an, èkejì ní 260. Ìyàtọ̀ dígírì 10 lórí kìlómítà 2 ń fún wa ní bíi kìlómítà 11. Bí méjèèjì bá rí i ní 270 gan-an, ó jìnnà ju èyí tí ẹ lè wọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí kọ́ńpáàsì kọ̀ọ̀kan bá fi dígírì 5 péré ṣìnà, kìlómítà 11 yẹn lè jẹ́ 5.5, ó sì lè jẹ́ pé kò lópin. Ìdí rèé tí ẹlẹ́rìí tó wà ní Ẹdẹ tàbí Ìkìrun fi níye lórí ju ẹni tó wà ní òpópónà kejì lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá mọ jíjìnnà, ẹ fi 0.18 sọ ọ́ di púpọ̀ bí gíga bá jẹ́ dígírì 10, 0.36 fún 20, 0.58 fún 30. Ohun tó wà ní kìlómítà 3, ní dígírì 20, ga tó bíi kìlómítà kan lé díẹ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ yín, ìdáhùn mẹ́rin péré ni: a mọ̀ ọ́n; ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ báyìí; ẹ̀rí kò tó; ẹ̀rí tó, síbẹ̀ a kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má da ẹ̀kẹta pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹrin. Ológun òfuurufú Amẹ́ríkà gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ 12,618 láàárín 1947 sí 1969, 701 ni wọn kò rí ìdí rẹ̀; nígbà tí ìgbìmọ̀ NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, sì gbé ìròyìn tirẹ̀ jáde ní September 2023, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò dára tó. Ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí tiyín bá pọ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín ni kí ẹ tún wò.

Ẹ má dá jáde lóru. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ọdẹ àdúgbò ṣáájú kí ẹ tó dúró síbì kan pẹ̀lú awò, ẹ má tan lésà sí bàálù, ẹ má sì wọ Igbó Ọ̀ṣun lóru láìgbàṣẹ. Bí ohun kan bá já lulẹ̀ tó sì ń jó, 112 ni kí ẹ pè, ẹ jìnnà sí i.

Bí wọ́n bá ní òkúta ló já, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ ya á níbi tó wà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó fi ọ̀rá mímọ́ gbé e. Òkúta ọ̀run tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já máa ń ní èèpo dúdú tín-ínrín, ó wúwo, inú rẹ̀ kì í sì í ní ihò. Èyí tó bá kún fún ihò bíi kànìnkànìn, ìdàrọ́ àgbẹ̀dẹ ni. Ẹ so mágínẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ òwú, ẹ wò bóyá á fà sí i, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lé ìyẹn nìkan: òkúta Zagami tó já sí oko àgbẹ̀ kan ní agbègbè Kàtsínà ní 3 October 1962, tó wọn bíi kílò 18, inú pílánẹ́ẹ̀tì Mars ló ti wá, kò sì ní irin lásán nínú bíi ti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ibi kan tó súnmọ́ wa láti gbé e lọ. Onímọ̀ nípa òkúta wà níbẹ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì òfuurufú fún ilẹ̀ Áfíríkà náà wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ kọ orúkọ oko, aago tí wọ́n gbọ́ ìró, àti apá ibi tí iná náà ti wá, kí ẹ fi ìwé yẹn sínú ọ̀rá pẹ̀lú òkúta náà.